Ìgbésẹ̀ Méjìlá Bàbá Onípápá

Níbi fídáù ọjọ́ kẹjọ bàbá tó bí bàbá mi, ọ̀gá kan láti kọ́lẹ́ẹ̀jì gba makirofóònù, ó ní bàbá wa jẹ́ ẹni tó fọkàn tán gbogbo ènìyàn. Gbogbo àwọn tó jókòó sábẹ́ kánópì ṣe àmín. Èmi ò ṣe é. Mo wo ọkùnrin náà láti orí dé ẹsẹ̀, mo ń rò ó pé kí ló ń wá. Ẹni tó bá gbé ilé wa fún ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo á mọ̀ pé bàbá yẹn kò fọkàn tán ẹnikẹ́ni lábẹ́ ọ̀run. Kódà lẹ́yìn ìmáàmù, ìka ni wọ́n fi ń ka rákà, kí ìmáàmù má baà yọ ọ̀kan níbẹ̀.

Ìdí tí mo fi jókòó kọ èyí nìyẹn. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, ẹ̀kẹfà náà ò sì parí. Ṣùgbọ́n láti Odò-Orí títí dé ọ̀nà Olúpọ̀nnà, kò sí fọkanáìsà tí wọ́n mọ orúkọ ẹ̀ bí wọ́n ṣe mọ ti Mùfútáù, èmi náà nìyẹn, ojú mi sì rí ohun tí àwọn tó kàwé jù mí lọ ò rí.

Lásísì ni wọ́n sọ bàbá ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, ṣùgbọ́n Bàbá Onípápá ni Ìwó ń pè wọ́n. Pápá bọ́ọ̀lù kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ tó wà lẹ́yìn ilé wa, oko ẹ̀gẹ́ bàbá wọn ni tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ìdílé fẹ́ fi ilẹ̀ náà sílẹ̀ fún kọ́lẹ́ẹ̀jì, bàbá ní àwọn gbà, ṣùgbọ́n àwọn fúnra àwọn ni àwọn á máa tọ́jú ẹ̀. Láti ìgbà tí wọn ò tíì bí mi ni wọ́n ti ń gé koríko ibẹ̀, tí wọ́n sì ń fi eérú fa àwọn ìlà funfun. Tí ẹnìkan bá bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn ò sinmi, wọ́n á ní, "Ilẹ̀ ni mo fún wọn. Mi ò fún wọn ní ojú mi."

Eérú náà kì í ṣe eérú kan ṣáá. Ìyàwó mi ló ń kó o fún wọn láti ìdí àdògán. Wọ́n á fi asẹ́ kù ú lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n á fi ìka tọ́ ọ wò, kí ẹnìkan má lọ po iyọ̀ mọ́ ọn láti fi pa koríko wọn. Lọ́jọ́ kan wọ́n yọjú sínú garawa, wọ́n ní, "Igi wo lo fi dáná yìí?"

Ìyàwó mi ní, "Igi ilé ni, bàbá."

"Ilé ta?"

Nígbà tí ara wọn ò yá, tí mo gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì kó oògùn sílẹ̀, ó fi omi tì í. Bàbá wo oògùn, wọ́n wo nọ́ọ̀sì. Ọmọ náà ní, "Bàbá, ẹ lò ó, yóò mú yín lára dá." Wọ́n ní, "Kọ́kọ́ lo ìkan, bàbá rẹ ń wò ọ́."

Èmi tí mo ra fóònù fún wọn, wọn ò gbà fún èmi náà. Mo pè wọ́n láti Ìbàdàn níbi tí mo ti lọ ra táyà.

"Ta ló fún ọ ní nọ́ńbà mi?"

"Bàbá, èmi ni, Mùfútáù."

"Mùfútáù wo?"

"Èyí tó ra fóònù."

"Dárúkọ ìyá tó bí ọ."

Mo dárúkọ ìyá mi, mo dárúkọ ìyá ìyá mi, káàdì mi tán. Nígbà tí mo délé tí mo ń ráhùn, wọ́n ní, "Ohùn ẹ ni mo gbọ́. Mi ò rí ẹ."

Ẹ lè máa rẹ́rìn-ín. Àwọn ará kọ́lẹ́ẹ̀jì náà rẹ́rìn-ín, títí dìgbà tí bọ́ọ̀lù bẹ̀rẹ̀ sí dínkù nínú yàrá tí wọ́n ń kó wọn sí. Bàbá ò bá ẹnikẹ́ni jà. Wọ́n bu làálì díẹ̀ lọ́wọ́ ìyàwó mi, wọ́n kán an sí ojú rírán bọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan, níbi tí ojú kò lè tètè rí. Kò pẹ́ tí wọ́n fi rí bọ́ọ̀lù kan lórí pápá àwọn ọ̀dọ́ Olúpọ̀nnà. Wọ́n gbà á, wọ́n la ojú rírán rẹ̀, làálì ń pọ́n níbẹ̀. Ẹni tó ń tọ́jú yàrá yẹn ló ń kó wọn jáde, wọ́n sì lé e. Bàbá gbé bọ́ọ̀lù náà síwájú ọ̀gá àgbà, wọ́n ní, "Ẹ ò gbà mí gbọ́. Ẹ gba làálì gbọ́."

Láti ọjọ́ náà, ohun tí bàbá bá ti fura sí, kọ́lẹ́ẹ̀jì á gbà pé òótọ́ ni. Ibẹ̀ ni ọ̀ràn ti bẹ̀rẹ̀.

Ọdún mẹ́rin sẹ́yìn ni. Kọ́lẹ́ẹ̀jì wa ò tíì gba ife ẹ̀yẹ kankan rí nínú ìdíje àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì, àmọ́ lọ́dún yẹn, wọ́n gbé kóòṣì tuntun wá, ẹgbẹ́ náà sì gbóná. Ọmọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Sùlé, ọmọ Kuta, tó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe olùkọ́ ìṣirò. Òun ni wọ́n máa ń fún ní pẹnáríti. Lórí pápá wa, kò ṣì í gbá rí. Yóò fi í gba ilẹ̀ẹ́lẹ̀ lọ sí kọ̀rọ̀, àwọ̀n á mì. Èmi ni mo ń fẹ́ atẹ́gùn sí àwọn bọ́ọ̀lù wọn, torí náà kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé mi ò sí nínú ẹgbẹ́ yẹn. Atẹ́gùn tí mo bá fẹ́ kì í jò.

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé fún ẹni tí kò mọ bọ́ọ̀lù. Tí wọ́n bá fún ni ní pẹnáríti, wọ́n á gbé bọ́ọ̀lù sí ojú àmì kan níwájú ojúlé, kó wá ku ẹni tó fẹ́ gbá a àti aṣọ́lé nìkan. Gbogbo ìlà tó kù lórí pápá wa ló ní òkúta tí bàbá rì mọ́lẹ̀ tí wọ́n ń tẹ̀lé. Ojú àmì yìí nìkan ni wọn kì í ri òkúta sí, kó má baà ṣe ẹnìkan lẹ́sẹ̀. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù, wọ́n á fi gìgísẹ̀ kan ìlà ojúlé, wọ́n á na ẹsẹ̀ lọ ní ìgbésẹ̀ ńlá méjìlá, wọ́n á da eérú síbẹ̀. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ kí wọn tí wọ́n bá ń kà á.

Kóòṣì mú téèpù wá lẹ́ẹ̀kan, ó ní kí àwọn jọ fi wọ̀n ọ́n.

Bàbá ní, "Téèpù ta?"

"Tèmi ni, bàbá. Mo rà á lọ́jà."

"O wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń kọ nọ́ńbà sí i lára?"

Kóòṣì rẹ́rìn-ín, ó ká téèpù ẹ̀ sápò. Bàbá ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Èmi náà ò sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi rèé, ara mi ló wà."

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé nígbà tí ẹgbẹ́ wa bá jáde ní Ìwó, Sùlé kì í lè gbá pẹnáríti wọlé mọ́. Èyí àkọ́kọ́, lọ́nà apá Ìjẹ̀ṣà, aṣọ́lé wọn kàn bẹ̀rẹ̀ gbé bọ́ọ̀lù náà bí ẹni ń ṣa máńgòrò. Ìkejì tún rí bẹ́ẹ̀, nínú ìdíje tó ṣáájú àṣekágbá. Ẹlòmíràn ló gbá góòlù tó yọ wá lọ́jọ́ yẹn tí a fi dé àṣekágbá. Bàbá pè mí sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọ́n ní àwọn ti wádìí, àbúrò ìyá Sùlé wà nílé ọkọ lọ́nà Ìjẹ̀ṣà. Mo ní ìyẹn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Wọ́n ní, "Ó ń gbá a wọlé níṣojú mi. Kì í gbá a wọlé lẹ́yìn mi. Ta ló ń bá sọ̀rọ̀ lẹ́yìn mi?"

Ọjọ́ Àtìní ni wọ́n lọ bá ọ̀gá àgbà. Ọjọ́ Sátidé ni àṣekágbá, ní Òṣogbo. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, wọ́n ti yọ orúkọ Sùlé kúrò.

Ọjọ́ kejì, Àtàláátà, ọmọ náà wá sí ṣọ́ọ̀bù mi pẹ̀lú bọ́ọ̀lù kan.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi fẹ́ ẹ kó le dáadáa."

"Kí lo fẹ́ fi ṣe? Ṣebí wọ́n ti yọ ẹ́."

"Mo fẹ́ lọ gbá a ní Kuta. Mo fẹ́ mọ nǹkan tó ń ṣe mí." Ó gbé bọ́ọ̀lù náà lé mi lọ́wọ́. "Olùkọ́ ni mo fẹ́ ṣe, ẹ̀gbọ́n. Ta ló máa fi ọmọ ẹ̀ sọ́wọ́ ẹni tí wọ́n ní ó ta ẹgbẹ́ ẹ̀?"

Mi ò gbà á gbọ́. Ẹ̀jẹ̀ bàbá ló wà lára mi. Mo ti ṣọ́ọ̀bù, mo gbé e sẹ́yìn máṣìn mi, mo ní èmi ni n ó gbé e lọ, kí n lè rí ẹni tó fẹ́ lọ bá ní Kuta. Kò bá ẹnikẹ́ni. Ó gbé bọ́ọ̀lù kalẹ̀ lórí pápá wọn, ó ní kí n jọ̀ọ́ dúró sí ojúlé. Ó gbá mẹ́wàá. Mo mú mẹ́rin.

Lóòótọ́, nígbà èwe mi, kò sí aṣọ́lé tó dà bí mi ní gbogbo àdúgbò wa, wọ́n ṣì ń sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, tí ikùn rẹ̀ ti yọ, kò yẹ kó mú mẹ́rin. Ìgbà yẹn ni ojú mi là. Bọ́ọ̀lù ilẹ̀ẹ́lẹ̀ rẹ̀ ń pẹ́ lọ́nà kó tó dé ọ̀dọ̀ mi. Mo fi gìgísẹ̀ kan ìlà ojúlé, mo na ẹsẹ̀ lọ sí àmì wọn bí mo ṣe ń rí bàbá tí wọ́n ń ṣe é. Méjìlá. Mi ò sọ nǹkan kan fún Sùlé. A gun máṣìn padà, mo já a sílẹ̀, mo gba ẹ̀yìn ilé wa lọ sí pápá, eérú ọ̀sẹ̀ tó kọjá ṣì wà nílẹ̀. Mo na ẹsẹ̀ lọ bá a. Mẹ́wàá. Mo padà lọ tún un kà. Mẹ́wàá náà ni.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ la fi ń borí nílé. Ojú àmì kan náà ni àwọn àlejò wa ń gbá tiwọn sí.

Bàbá ń rin pákò nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ wọn.

"Bàbá, àmì pẹnáríti yín ti sún mọ́ ojúlé jù."

"Ta ló rán ọ?"

"Kò sẹ́ni tó rán mi."

"Ìwọ àti ọmọ Kuta yẹn lẹ jọ wà lórí máṣìn lọ́sàn-án. Wọ́n ti wá sọ fún mi."

"Mo wọ̀n ọ́n ní Kuta, mo wọ̀n ọ́n níbí."

"Kí lo fi wọ̀n ọ́n?"

"Ẹsẹ̀ mi ni, bàbá."

"Ẹsẹ̀ rẹ." Wọ́n tutọ́ pákò sílẹ̀. "Èmi tí mo bí bàbá tó bí ọ, ẹsẹ̀ tèmi ni kò péye. Tìẹ ló péye." Wọ́n ń wo ọ̀nà pápá. Wọ́n ní, "Wọ́n ti hú ojúlé mi, wọ́n ti sún un wá síwájú. Mo ti ń fura."

Bí a ṣe kí àsùbáà tán lọ́jọ́ Àlàrùbá, wọ́n ní kí n gbé ọkọ́. Àwọn fúnra wọn ló da sìmẹ́ńtì sí ìdí àwọn òpó ojúlé yẹn nígbà tí mo wà ní kékeré, wọ́n sì tẹ àtẹ́lẹwọ́ wọn mọ́ ọn nígbà tó ṣì tutù, kí ẹnikẹ́ni má baà pààrọ̀ ẹ̀. Mo gbẹ́ ilẹ̀ títí ọkọ́ fi kan ohun líle. Bàbá kúnlẹ̀, wọ́n fi ọwọ́ gbá iyẹ̀pẹ̀ dànù. Àtẹ́lẹwọ́ náà yọ, ìka márààrún pé, ìka ìfábẹ̀lá tí àdá gé lórí wà níbẹ̀ bó ṣe kúrú. Wọ́n gbé ọwọ́ wọn lé e, ó wọ̀ ọ́ gẹ́lẹ́. A gbẹ́ ìdí òpó kejì. Bákan náà ló rí.

Wọ́n dìde. Wọ́n fi gìgísẹ̀ kan ìlà, wọ́n ní kí n dúró sí ẹ̀gbẹ́ wọn, ká jọ máa lọ. Wọ́n ń kà á sókè. Nígbà tí wọ́n ka méjìlá, mo ti wà níwájú wọn ní ìgbésẹ̀ méjì. Èmi tí mo máa ń sáré kí n tó lè bá wọn rìn dọ́gba lọ sóko. Wọ́n wo ilẹ̀ tó wà láàárín wa. Wọ́n ní, "Ọwọ́ mi wà níbi tí mo fi í sí. Ẹsẹ̀ mi ló ti kúrú."

Lẹ́yìn náà ni wọ́n bi mí pé ta ló tún mọ̀. Mo ní èmi nìkan. Wọ́n ní Sùlé ńkọ́, mo ní mi ò tíì sọ fún un. Wọ́n wò mí títí. Mo mọ ohun tó wà nínú wíwò yẹn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni kọ́lẹ́ẹ̀jì ti rán èèyàn wá pé kí bàbá lọ sinmi, pé àwọn á gba ọ̀dọ́kùnrin kan tó ní ẹ̀rọ. Bàbá gbà pé bí garawa eérú yẹn bá kúrò lọ́wọ́ wọn báyìí, pápá náà ti kúrò lọ́wọ́ ìdílé nìyẹn. Tí wọ́n bá sọ̀rọ̀, garawa lọ. Tí wọ́n bá dákẹ́, ọmọ ọlọ́mọ á gbé orúkọ ọ̀dàlẹ̀ kúrò ní Ìwó.

Lọ́jọ́ yẹn, wọn ò fọwọ́ kan ẹ̀kọ àti àkàrà tí ìyàwó mi gbé síwájú wọn, wọn ò sì bi í pé ta ló din ín. N ó sọ òótọ́: mo fura sí wọn. Mo ní wọ́n ń wá ọ̀rọ̀ tí wọ́n á fi bẹ̀ mí pé kí n pa ẹnu mi mọ́.

Ọ̀sán Àlàmísì, nígbà tí ẹgbẹ́ ń múra sílẹ̀ lórí pápá, bàbá dé. Fìlà Jímọ̀ wọn ni wọ́n dé, garawa eérú wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ní, "Kóòṣì, mú téèpù rẹ wá."

Ẹnìkan rẹ́rìn-ín. Kóòṣì na téèpù láti ìlà ojúlé. Ó dé ibi eérú, ó kọjá lọ, gbogbo wọn ń wò ó bó ṣe ń lọ.

"Sùlé dà?"

Èmi ni mo ní kó wá. Ó jáde láàárín èrò, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Dìde. Ìwọ kọ́ ló yẹ kó wà nílẹ̀." Bàbá yíjú sí àwọn tó kù. "Ẹ gbọ́ o. Mo ní ọmọ yìí ta yín. Irọ́ ni mo pa mọ́ ọn. Ẹsẹ̀ mi ló ta yín."

Sùlé gbọn iyẹ̀pẹ̀ kúrò lára, ó ní, "Bàbá, gbogbo bí ẹ ṣe ń fura sí èèyàn yìí, ẹ ò fura sí ara yín rí?"

Bàbá ní, "Ìgbà wo ni mo ráyè?"

Gbogbo èrò rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì mú ẹrù kúrò lórí pápá yẹn. Wọ́n dá Sùlé padà sínú ẹgbẹ́. Bàbá ní kí kóòṣì gé okùn kan kó dọ́gba pẹ̀lú ohun tí téèpù sọ, wọ́n ta kókó sí i lórí méjèèjì. Wọ́n wá na garawa sí mi níṣojú gbogbo wọn, kí kọ́lẹ́ẹ̀jì tó rí ẹlòmíràn nawọ́ sí. Wọ́n ní, "Gbà. Má fi ẹsẹ̀ rẹ wọ̀n ọ́n."

Ọjọ́ méjì péré ni Sùlé fi gbá a láti ibi tó yẹ. Lọ́jọ́ Sátidé, a dé Òṣogbo kí ẹnikẹ́ni tó dé. Bàbá tú okùn náà nídìí, àwa méjèèjì fi wọ̀n ojú àmì wọn níhà méjèèjì. Ẹni tó ń ṣọ́ pápá ibẹ̀ sáré wá.

"Bàbá, kí lẹ ń wá?"

"Mi ò wá nǹkan kan. Ìwọ ni mò ń wò."

Ọ̀kan sí ọ̀kan la wà nígbà tí wọ́n fún wa ní pẹnáríti, ó ku díẹ̀ kí rẹfirí fọn fèrè ìkẹyìn. Gbogbo èrò dìde. Sùlé gbé bọ́ọ̀lù kalẹ̀, ó wo ibi tí a wà. Bàbá na okùn náà sókè ní orí wọn, wọ́n fi orí sọ pé ó pé. Sùlé ò gbá a nílẹ̀ẹ́lẹ̀ mọ́. Ó fi í sí abẹ́ igi òkè, aṣọ́lé ti dùbúlẹ̀ sí ibòmíràn. Báyìí la ṣe gba ife náà wá sí Ìwó fún ìgbà àkọ́kọ́. Bọ́ọ̀lù tí mo fẹ́ ni wọ́n fi ṣe ìmúrasílẹ̀, ẹ má gbàgbé.

Wọ́n gbé ife dé ọ̀dọ̀ bàbá nínú mọ́tò. Ẹgbẹ́ ń kọrin. Bàbá fi èékánná kàn án lẹ́ẹ̀mẹ́ta, wọ́n tẹ́tí sí i, wọ́n ní, "Inú ẹ̀ ṣófo."

Ọ̀sẹ̀ kẹta lẹ́yìn ọdún ìtúnu ààwẹ̀ tó kọjá ni wọ́n sùn lọ́sàn-án tí wọn ò jí. Níbi fídáù yẹn, ọ̀gá náà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì fẹ́ fi orúkọ bàbá sọ pápá. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Èmi wí pé mo ti gbọ́, kí wọ́n jẹ́ kí n wò ó ná.

Garawa ṣì wà lọ́wọ́ mi. Láti ọdún mẹ́rin yìí, tí mo bá ti fi okùn wọ̀n ọ́n tán, mo máa ń fẹsẹ̀ yàn án fún ara mi, kò sì yẹ̀ rí: méjìlá gẹ́lẹ́. Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó kọjá, mo na okùn, mo fi òkúta kékeré sàmì síbẹ̀, mo padà lọ sí ìlà ojúlé, mo bẹ̀rẹ̀ sí yàn án. Mo ka méjìlá. Òkúta náà ṣì wà níwájú mi, àyè ẹsẹ̀ kan ló kù.

Ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni pé ta ló fa okùn bàbá gùn. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì. Kò sẹ́nì kankan lórí pápá. Mo yẹ kókó rẹ̀ méjèèjì wò, kò sí èyí tó tú. Mo wo ẹsẹ̀ ara mi. Lẹ́yìn náà mo gbé garawa, mo da eérú síbi tí okùn wí.